Orúkọ Tí A Gbà Lọ́wọ́ Òṣèré

Ní àdúgbò wa ní Abúlé Òkúta, Abíṣọ́lá ni wọ́n ń pè é. Bí ẹ bá dárúkọ Fọlákẹ́ Olówófoyèkù létí Alájà tó ń ta ẹ̀wà àti gàrí níwájú ilé tí mò ń gbé, yóò kọ́kọ́ bi yín pé ọmọ ta nìyẹn, ṣé kò sí nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹ pè é ní Abíṣọ́lá, kí ẹ fi kún un pé nọ́ọ̀sì tó fẹ́ òyìnbó oníbọ̀sẹ̀, kíá ni Alájà máa pàtẹ́wọ́: "Ọmọ tí kì í rẹ́rìn-ín yẹn! Ọmọ náà mọ iṣẹ́ jàre." Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló bá a kó Bob Hearts Abishola, eré tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà tí Fọlákẹ́ ti ṣe Abíṣọ́lá, sórí mẹ́mọ́rì káàdì lọ́dọ̀ àwọn ọmọkùnrin tó ń da fíìmù sí fóònù ní Bariga. Ó ti wò ó tán, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́ ju ìdajì lọ nínú Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń sọ níbẹ̀.

N kò ka èyí sí àìmọ̀kan. Ọ̀nà tiwa nìyẹn láti fi sọ fún òṣèré pé iṣẹ́ rẹ̀ wọlé. Lánre Hassan ti ń ṣeré láti àwọn ọdún 1960, ó wà lára àwọn tó bá Òjó Ládipọ̀, Bàbá Mẹ́rò, ṣiṣẹ́, síbẹ̀ ta ni ń pe Lánre Hassan? Ìyá Àwẹ̀ró ni. Fàúsátù Balógun ti di Madam Ṣajẹ́. Rónkẹ́ Òjó ti di Òṣòdì Òkè, bí ẹni pé abẹ́ bíríìjì ni wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ. Bí òṣèré bá ti mọ ẹni kan ṣe dé ojú ẹ̀, a ó gba orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, a ó fi ti ẹni tó ṣe rọ́pò. Àmì ẹ̀yẹ ni, a kì í sì í gbà á padà. Ohun tó jọ mí lójú ni pé Alájà ti nawọ́ rẹ̀ dé Amẹ́ríkà, ó fi dá ọmọ tí kò rí nínú fíìmù Yorùbá kankan rí lọ́lá.

Èkó ni wọ́n bí Fọlákẹ́ sí lọ́dún 1983. Bàbá rẹ̀, Babátúnjí Olówófoyèkù, ọmọ Iléṣà, ni Agbẹjọ́rò Àgbà fún ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn nínú àwọn ọdún 1960. Ogún ni wọ́n lọ́mọ nínú ilé náà, òun sì ni àbíkẹ́yìn. Ẹ wo irú ilé bẹ́ẹ̀ dáadáa: ilé lọ́yà, níbi tí wọ́n ti lè ṣètò iṣẹ́ tí ọmọ máa ṣe kí ọmọ ọ̀hún tó mọ ABD. Kò tíì pé ogún ọdún tó fi kúrò ní Nàìjíríà. Eré ìtàgé ló lọ kà ní City College ní New York, lẹ́yìn náà ló tún kọ́ iṣẹ́ gbígba ohùn sílẹ̀ ní Institute of Audio Research, nítorí olórin ni pẹ̀lú.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọdún bẹ̀rẹ̀ sí í gorí ọdún. Ó wà nínú 30 Rock, ó wà nínú White Collar, ó wà nínú Transparent, àmọ́ ẹ má fojú kúrò o, torí kí ẹ tó jókòó dáadáa, apá tiẹ̀ ti lè parí. Nígbà tí iléeṣẹ́ CBS gbé Bob Hearts Abishola jáde ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, ó ti ń súnmọ́ ọdún 36. Àwọn ọmọ tó ń ṣe fídíò lójú títì wa tí wọ́n fẹ́ kí ayé mọ̀ wọ́n kí oṣù tó parí, mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ iye ọdún yẹn. N kò ní wàásù fún wọn.

Bí eré náà ṣe bẹ̀rẹ̀ pàápàá ń pa mí lẹ́rìn-ín. Chuck Lorre, ẹni tó ṣe Two and a Half Men àti The Big Bang Theory, ló fẹ́ ṣe eré nípa obìnrin Nàìjíríà kan ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n òun àti Eddie Gorodetsky àti Al Higgins tí wọ́n jọ ń ṣe é, kò sẹ́ni tó mọ bí wọ́n ṣe ń sun ata nínú wọn. Ló bá lọ sórí Google, ó wá obìnrin aláwàdà tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ó rí Gina Yashere, ọmọ Èdó tí wọ́n bí ní London. Olùdámọ̀ràn ni wọ́n kọ́kọ́ pè é wá ṣe. Kò pẹ́ tó fi di ọ̀kan nínú àwọn tó dá eré náà sílẹ̀, òun náà ló sì ṣe Kemi, ọ̀rẹ́ Abíṣọ́lá tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Ìtàn ọ̀hún kò lọ́jú pọ̀: Bob Wheeler tó ń ta ìbọ̀sẹ̀ ní Detroit ní àìsàn ọkàn, ó jí ní ọsibítù, ẹni tó rí lórí ìdúró ni Abíṣọ́lá Adébámbọ̀, nọ́ọ̀sì, tó ń gbé pẹ̀lú ọmọkùnrin rẹ̀ lọ́dọ̀ Àǹtí Olú àti Uncle Túndé. Bob rí i pé ojoojúmọ́ ni obìnrin yìí fi ń dúró, ó gbé ìbọ̀sẹ̀ wá fún un. Bí ìfẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn o.

Ojú Fọlákẹ́ ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò. Irú eré yìí, iwájú òǹwòran ni wọ́n ti ń ṣe é, ẹ̀rín wọn sì wà nínú ohùn tí à ń gbọ́. Òṣèré tó bá wà níbẹ̀ máa ń fẹ́ ta wọ́n lólobó pé àwàdà ń bọ̀: yóò ya ẹnu, yóò yí ojú, yóò dúró kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán. Fọlákẹ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ wò ó lórí bẹ́ǹṣì níbi tí wọ́n ti ń dúró de bọ́ọ̀sì, Bob ń rojọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń ṣàwàdà, ó ń yí ọ̀rọ̀ po. Abíṣọ́lá jókòó ṣánṣán. Ó yí ọrùn sí i díẹ̀, kò yí èjìká. Ìpéǹpéjú rẹ̀ wálẹ̀, ó gòkè padà. Igun ẹnu rẹ̀ kan fẹ́ mì, ó dá a dúró. Lẹ́yìn náà ló máa sọ gbólóhùn kan péré, láìgbé ohùn sókè, Bob á sì pa ẹnu mọ́.

Gbogbo wa la mọ ojú yẹn. Ojú tí ìyá fi ń wo ọmọ rẹ̀ nígbà tí àlejò bá na ẹran sí ọmọ náà ni. Kò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ọmọ ti sọ pé òun ti yó. A ti gba ojú yẹn ní kékeré, a ti fi wo ọmọ tiwa, kò sì sí ilé ẹ̀kọ́ tíátà ní New York tó lè fi kọ́ni. Alájà kò nílò Gẹ̀ẹ́sì kí ó tó mọ ohun tí Abíṣọ́lá sọ. Ọjọ́ tí ọmọbìnrin náà bá wá tújú ká jẹ́jẹ́ tí eyín rẹ̀ hàn, ẹ máa gbọ́ ariwo Alájà lójúde: "Ó rẹ́rìn-ín o!"

Mo rántí Coming to America, tí wọ́n ṣe ní 1988, tí àwa ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún wò títí téèpù fi já. Àwa náà rẹ́rìn-ín nígbà náà. Àmọ́ ta là ń fi rẹ́rìn-ín? Ọmọ ọba Áfíríkà kan láti ìlú tí kò sí níbì kankan, tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ohùn tí kò sí ìyá kan tó bí i. Nínú eré Fọlákẹ́, ọ̀rọ̀ ti yí bìrí. Ẹni tí a fi ń rẹ́rìn-ín ni òyìnbó tí kò mọ̀ pé ó yẹ kí òun kí àgbà, tí kò mọ̀ pé owó nìkan kò tó láti fi fẹ́ ọmọ ẹni. Obìnrin tó mọ̀ kò nílò láti rẹ́rìn-ín. Mo gbà pé iṣẹ́ àwọn tó kọ ọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹlòmíràn tó ń wá ojúrere òǹwòran ló bá ṣe Abíṣọ́lá, gbogbo rẹ̀ ì bá ti dà wálẹ̀ kí ó tó pé oṣù mẹ́ta.

Èdè Yorùbá inú rẹ̀ ńkọ́? Ọ̀gbẹ́ni Báyọ̀ Akínfẹ́mi, tó ṣe Goodwin, náà ni wọ́n fi ṣe olùdámọ̀ràn èdè. Wọ́n ń sọ Yorùbá, wọ́n ń kọ ìtumọ̀ sísàlẹ̀ fún àwọn ará Amẹ́ríkà, ìyẹn nìkan tó fún mi láti dìde dúró. Ẹ jẹ́ ká sòótọ́ ṣá: kì í ṣe gbogbo wọn ni ọmọ Yorùbá. Barry Shabaka Henley tó ṣe Uncle Túndé, ọmọ Amẹ́ríkà ni, ẹnu rẹ̀ sì ń mú àmì ohùn bí ẹni tó gbé àkàrà gbígbóná sẹ́nu. Alájà máa ń tún un ṣe fún un lórí fóònù. Ti Fọlákẹ́ yàtọ̀, ohùn Èkó ló ń jáde. Ó ti tó bí ogún ọdún lókè òkun nígbà yẹn, àwọn tó lo oṣù mẹ́fà ní Dubai sì wà ládùúgbò wa tí wọn kò lè pe "ẹ káàárọ̀" dáadáa mọ́.

Ìdí mìíràn wà tí eré yìí fi rí ilé wọ̀ lọ́dọ̀ wa. Lágbègbè yìí, tí Ọsibítù Ìgbóbì kò jìnnà sí wa, àwọn nọ́ọ̀sì pọ̀ tí ń jáde láàárọ̀ pẹ̀lú báàgì aṣọ iṣẹ́. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù ní títì wa. Ọ̀kan lọ Manchester, ọ̀kan lọ Texas. Ọmọ Alájà fúnra rẹ̀ wà ní Ìlú Ọba, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́ alẹ́. Kì í sọ púpọ̀ bí ó bá pè. Ara le, owó ti wọlé, ó dàárọ̀. Nígbà tí Alájà rí Abíṣọ́lá tó bọ́ bàtà lẹ́yìn iṣẹ́, tó jókòó ti ẹsẹ̀ rẹ̀ láìsọ̀rọ̀, ó ní kí ọmọ-ọmọ òun dá fóònù dúró ná. Ó wo ẹsẹ̀ yẹn pẹ́. "Bóyá bó ṣe ń ṣe òun náà nìyẹn," ló sọ. A kò tún sọ̀rọ̀ kan lé e. Nínú ìtàn náà, Abíṣọ́lá padà sí ilé ìwé láti di dókítà. Ìyẹn náà, Alájà ti fi ṣàdúrà.

Ó wá jọ pé ayé kàn ń yí ká ni. Ìdòwú Philips, iṣẹ́ ọsibítù gan-an ló ń ṣe kó tó bọ́ sídìí tíátà. Ọkọ rẹ̀, Fẹ́mi Philips, alájọṣe Hubert Ògúndé, ló ni ẹgbẹ́ Òṣùmàrè, òun sì di ìyá ẹgbẹ́. Nígbà tó yá, Òṣùmàrè bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì, obìnrin náà di Ìyá Rainbow títí dòní. Ìkan kúrò nídìí aláìsàn ó di òṣèré nílé, ìkan jẹ́ òṣèré ó di nọ́ọ̀sì lójú ayé. Àwọn méjèèjì, orúkọ wọn lọ sí i.

Orúkọ yẹn ni mo fẹ́ bá yín jà lé lórí, mo sì mọ ibi tí mo ti ń sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ mi ni kí n máa ka ìwé wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, mo sì ti lo ọdún púpọ̀ láàárín àwọn òǹtẹ̀wé Ṣómólú, ní Shyllon àti àyíká rẹ̀, níbi tí ẹ̀rọ Heidelberg kì í sùn, tí bébà gígé ń kún kòtò, tí òórùn ínkì ń bá èèyàn délé. Kálẹ́ńdà, káàdì ìgbéyàwó, pósítà òkú, pósítà olóṣèlú, gbogbo rẹ̀ là ń ṣe. Nígbà ayé páálí fíìmù, mo rí i bí wọ́n ṣe ń tò ó. Àwòrán òṣèré obìnrin á gba ìdajì páálí, "Ìyá" báyìí báyìí á wà nísàlẹ̀ rẹ̀ gàdàgbà ní pupa àti ìyẹ́lò. Orúkọ rẹ̀ gangan, bí ó bá tilẹ̀ wà níbẹ̀, ẹ̀yìn páálí ni, láàárín àwọn tó gbé iná àti àwọn tó se oúnjẹ, lẹ́tà tí ẹni tó ti wọ awò pàápàá á fi súnmọ́ iná. Mo bi ẹni tó gbé iṣẹ́ náà wá pé ṣé kí a má gbé orúkọ obìnrin yìí síwájú. Ó wò mí títí. "Bàbá, bí a bá kọ ìyẹn, ta ni yóò rà á?"

Òótọ́ ló sọ, mi ò sì jiyàn. Àmọ́ orúkọ tí a fi ń ta ọjà kò wọ ìwé àdéhùn. Ní Ìdúmọ̀tà, ọjà àwọn tó ń ta fíìmù, wọ́n a máa ra fíìmù lódindi nígbà náà, òṣèré á gba owó ọjọ́ tó ṣe é, ó parí. Ká tà á lẹ́ẹ̀kan, ká tà á lẹ́ẹ̀ẹgbẹ̀rún, kò kàn án mọ́. Ní Amẹ́ríkà, bí wọ́n ṣe máa kọ orúkọ òṣèré, ipò tó máa wà, bóyá iwájú ni tàbí ẹ̀yìn, ọ̀rọ̀ àdéhùn ni, lọ́yà ń jókòó lé e. Ní 1960 ni ẹgbẹ́ òṣèré wọn daṣẹ́ sílẹ̀, Ronald Reagan tó padà wá di ààrẹ sì ni olórí ẹgbẹ́ nígbà náà. Látinú ìjà yẹn ni wọ́n ti gba ẹ̀tọ́ pé bí fíìmù bá tún jáde lórí tẹlifíṣọ̀n, nǹkan á kan òṣèré. Ní 2023 wọ́n tún daṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù keje wọ oṣù kọkànlá, torí owó orí íntánẹ́ẹ̀tì wà lára ohun tí wọ́n ń jà fún.

Kí ẹ má sì rò pé ọ̀run rere ni ọ̀hún. Ọdún 2023 náà ni CBS ní owó ti pọ̀ jù lórí eré Abíṣọ́lá. Wọ́n sọ Àǹtí Olú, Uncle Túndé, Kemi, Goodwin, gbogbo wọn, di ẹni tí ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Billy Gardell tó ṣe Bob àti Fọlákẹ́ nìkan ló kù ní òṣèré àtìgbàdégbà. Ìpín karùn-ún jẹ́ mẹ́tàlá péré, ó sì parí ní ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún ọdún 2024. Ó dùn mí, torí àwọn ìpàdé ìdílé wọ̀nyẹn, níbi tí Àǹtí Olú ti ń dá sí ohun tí kò kàn án, ni iyọ̀ ọbẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: nígbà tí wọ́n ń yọ èèyàn, orúkọ méjì tó wà lókè ni kò ṣeé yọ.

Nílé wa, ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn. Nígbà tí Ògúndé dá ẹgbẹ́ tíátà rẹ̀ sílẹ̀ ní 1945, oníranù ni wọ́n ń ka obìnrin tó bá gorí ìtàgé sí, òbí kì í fẹ́ gbọ́. Ògúndé bá fẹ́ àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ níyàwó, ẹnu aráyé sì wọlé. Àwọn ìyàwó wọ̀nyí ló jó, tó kọrin, tó bá a wọ ọkọ̀ káàkiri Nàìjíríà dé Ghana. Jàǹbá ọkọ̀ ló pa ọ̀kan nínú wọn, Clementina, ní 1970. Ẹ bi àwọn tó mọ ìtàn Ògúndé dénú, kí wọ́n ka orúkọ àwọn obìnrin yẹn fún yín, ẹ ó rí i bí wọ́n ṣe máa fọwọ́ họ orí.

Àwọn díẹ̀ bọ́ nínú rẹ̀. Zainab Bukky Àjàyí kàwé ní Ìlú Ọba, kò dúró síbẹ̀, ó padà wálé láàárín àwọn ọdún 1960, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí tẹlifíṣọ̀n ìjọba ní 1966, ó ń ka ìròyìn. Mo máa ń rò pé ìròyìn yẹn ló gbà á là. Ẹni tó ń ka ìròyìn, orúkọ ara rẹ̀ ló fi ń kí ilé. Nígbà tó fi wọ inú Village Headmaster, tó tún ṣe Checkmate, a ti mọ̀ ọ́n ní Bukky Àjàyí, kò sì sí ipa tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Oṣù kẹta ọdún 2016 ni wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ àgbà níbi ayẹyẹ Africa Magic; nígbà tó di oṣù keje, ó kú ní Surulere, ẹni ọdún 82. Fúnkẹ́ Akíndélé, ní tirẹ̀, jà á gbà padà ni. Jẹ́nífà, ẹni tó ṣe nínú fíìmù, ti gbé e mì láti 2008. Ó ń kọ eré, ó ń fowó ara rẹ̀ sí i, ó ń gbé Fúnkẹ́ Akíndélé sókè pósítà títí ó fi wọ orí wa. Nígbà tí A Tribe Called Judah pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ ní sinimá, orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ló fi gba owó.

N kò lè sọ pé kí Alájà má pe ọmọ yẹn ní Abíṣọ́lá mọ́. Kò ní gbọ́, ìfẹ́ ló sì fi ń pè é. Ẹ̀yin tó ń fi fídíò ránṣẹ́ lórí WhatsApp ni mo bá wí: bí ẹ bá gé ibi tí Ìyá Rainbow ti ń ṣépè, tàbí ibi tí Abíṣọ́lá ti fojú pa Bob lẹ́nu mọ́, ẹ kọ Ìdòwú Philips sí i, ẹ kọ Fọlákẹ́ Olówófoyèkù sí i. Ẹ̀yin tó ń gbé iṣẹ́ wá sí Ṣómólú, ẹ gbé orúkọ gangan síwájú pósítà, kí ẹ fi orúkọ eré tẹ̀lé e. Ínkì kan náà ló ń gbà, iye kan náà sì ni a óò gbà lọ́wọ́ yín.